Òjíṣẹ́ Tí Kì Í Sọ Pé Rárá

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ

Àbúrò mi Odídẹrẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Bàbá le? Ojú wọn ńkọ́? Èmi wà. Iṣẹ́ gbá mi mú bí ẹni mú olè, àmọ́ mo wà.

Mo rí lẹ́tà Bàbá tó o bá wọn tẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìkẹta nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé lóṣù kìíní, òun ló sì dùn jù. Níbi tí wọ́n ti sọ pé, "Ọmọ mi, iléeṣẹ́ yẹn ti pa ìwé ẹ dé, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan mọ́," mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bọ́jú. Awakọ̀ tá a jọ ń gbé yàrá bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, wọ́n dárí jì mí ni.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jẹ mí lọ́kàn tó. Iléeṣẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, mo ṣèlérí pé màá fi ọdún mẹ́ta sìn wọ́n, Bàbá sì fọwọ́ síwèé pé àwọn dúró fún mi. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo lò tí mo fi wọkọ̀ òfuurufú. Mi ò sọ fún Bàbá. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí n má lọ, wọ́n á sì jàre mi.

O bi mí pé kí gan-an ni mò ń ṣe níbí. Má sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ o. Iléeṣẹ́ wa ló ṣe ètò tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń fi íméèlì ránṣẹ́ sí aláìsàn: ọjọ́ báyìí ni kẹ́ ẹ wá, aago báyìí ni iṣẹ́ abẹ yín. Àwa kọ́ la ń gbé lẹ́tà náà lọ. Iléeṣẹ́ mìíràn ló ń gbé e. A ó fà á lé òjíṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́, òjíṣẹ́ á dáhùn pé ó ti lọ. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa dán ètò wa wò nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Ìdánwò kéékèèké ni, ó tó irinwó, ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo ẹ̀ fi ń parí. Èyí tó bá yege á yọ àwọ̀ ewé, èyí tó bá kùnà á yọ pupa.

Kí n tó dé ibí, ẹnì kan fi òjíṣẹ́ gidi ṣe ìdánwò. Ó tẹ àwàdà sínú ẹ̀ pé, "Ẹ kú àárọ̀, ẹsẹ̀ òsì yín la máa gé lọ́la." Igba aláìsàn ló rí i gbà. Ìyá àgbàlagbà kan ti pín gbogbo bàtà òsì ẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Látìgbà náà ni ọ̀gá ti sọ pé òjíṣẹ́ gidi ò gbọdọ̀ wọnú ìdánwò mọ́. Mo wá ṣe ayédèrú òjíṣẹ́. Orúkọ kan náà ni òun àti ti gidi ń jẹ́, ìdúró kan náà, ètò wa ò mọ̀yàtọ̀. Fún un ní lẹ́tà, á gbà á, á jù ú nù, á ní, "Ó ti lọ." Gbogbo ìdánwò á yọ àwọ̀ ewé. Ọ̀gá gbá mi léjìká nítorí ẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti parí nílé, mi ò fẹ́ gbé yàrá yìí mọ́. Fèrèsé wa, ògiri ló kọjú sí. Tí mo bá na ọwọ́, màá kan ògiri náà. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ yìí, mi ò lè gba òmíràn. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé tí oṣù kẹsàn-án bá parí, mo ń lọ sílé. Má sọ fún Bàbá. Tí mo bá ti bọ́ọ́lẹ̀, iléeṣẹ́ yẹn ni màá kọ́kọ́ yà sí lọ dọ̀bálẹ̀, kí n tó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ nílé.

Nǹkan kan ló ń yà mí lẹ́nu ṣá. Bàbá ò bá mi ṣàwàdà rí láyé. Nínú lẹ́tà, wọ́n ní tí mo bá sanra jù, àwọn á gbé mi sórí ìwọ̀n. Ṣé àgbà ló ń mú wọn rọ̀ báyìí?

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni.


Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi gidi, ẹ̀gbọ́n mi gígùn bí òpó iná,

Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀, mo tún ń kí yín lórí ìdojúbolẹ̀, ẹ ṣì máa rí ìdí ẹ̀. Ara Bàbá le. Ojú òsì ti bò tán, ti ọ̀tún ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Wọ́n ṣì ń tún ìwọ̀n àwọn oníṣòwò ṣe. Ìka ni wọ́n fi ń ríran.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ di bẹ́ẹ̀dì mú.

Bàbá ò kọ lẹ́tà kankan sí yín. Èmi ni mo kọ ọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ti jáde lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ n sáré sọ èyí tó kù. Lẹ́tà yín àkọ́kọ́, mo kà á sókè fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì débi "ẹ jọ̀ọ́" tí wọ́n fi ní, "Gbé e kúrò létí mi. Mi ò lọ́mọ níbẹ̀." Mo gbìyànjú èkejì, wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tọ́ ògiri jáde. Ẹ̀yin náà wá ń kọ ìlà méjì méjì, pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun, pé ẹ ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi ara mi pé, ìwọ ọmọ yìí, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohùn ni.

Ohùn náà ló lé mi kúrò nílé ìwé. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé sọ pé kí gbogbo tíṣà jáde sórí pápá, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Tíṣà mọ́kànlá kúnlẹ̀. Tíṣà ìṣirò ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó tiẹ̀ ń ṣẹ́jú pọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo wá rò ó pé bí mo bá fi ohùn mú tíṣà kúnlẹ̀, ṣé mi ò lè fi mú ẹ̀gbọ́n mi jẹun ni? Ẹ sì jẹun. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ jẹun.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni ti iléeṣẹ́. Wọn ò pa ìwé kankan dé. Ó dùn lẹ́nu mi ni, mo bá tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ti lọ, Mọ́ńdè kan ò lọ lásán: Bàbá ń lọ síbẹ̀ lọ fọwọ́ síwèé pé onídùúró ò sá. Tí Bàbá bá pa ọjọ́ kan jẹ, iléeṣẹ́ á wá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Tẹ́ ẹ bá yà síbẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀, ibi tẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ sí náà ni wọ́n máa dì yín mú sí.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin lórúkọ Bàbá kí n fi dá yín dúró. Mo kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, má tíì wá, òjò pọ̀." Mo wò ó. Ta ló ń fi òjò lé ọmọ padà? Mo tún kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, ní sùúrù, à ń kun ilé lọ́dà." Ilé wo? Mo pa á rẹ́.

Ayédèrú òjíṣẹ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn, bí mo ṣe ń kà á ni ara ń yún mi. Ti kọ̀ǹpútà nìkan lẹ mọ̀. Òmíràn wà nílé, àbúrò lẹ̀ ń pè é.

Ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Ẹ ṣáà má wá.

Odídẹrẹ́.


Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àìfèsì. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mò ń wo fóònù bí ológbò ṣe ń wo ihò eku.

Mo bá Bàbá lọ síbẹ̀ lónìí. Wọn ò fẹ́ kí n tẹ̀ lé àwọn, mo ní mo fẹ́ lọ ra abẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin mọ iléeṣẹ́ yẹn, àmọ́ ẹ ò tíì jókòó síbi tí Bàbá ń jókòó. Bẹ́ǹṣì kan ni, ó wà láàárín ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ àti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ẹ̀ kúrú, Bàbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdí gbè é. Akọ̀wé ibẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ títí tó ń dán. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó gbé rúlà sábẹ́ ìlà kí ìka Bàbá lè rí i.

Ó ní, "Bàbá Oníwọ̀n, ẹ ò sá lọ́sẹ̀ yìí náà?"

Bàbá ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ tún rí mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ṣàwàdà. Ní ibẹ̀ yẹn. Èmi tí mò ń bá wọn hùmọ̀ àwàdà sínú lẹ́tà.

Mo ní kí Akọ̀wé jọ̀ọ́, tí ẹni tó lọ bá padà dé lónìí ńkọ́? Ó dáhùn láìwo ojú mi pé, "A ó gba ìwé ìrìnnà ẹ̀, ọdún mẹ́ta ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lónìí. Èyí tó ṣe àti èyí tí bàbá fọwọ́ sí, kò sí èyí tó kà mọ́. Àmọ́ tí onídùúró bá fọwọ́ sí i títí ọdún mẹ́ta fi pé, pẹ̀lú oṣù mẹ́jọ tó ti ṣe, ó parí, oníkálukú ń lọ sílé ẹ̀." Bàbá ní, "Má yọ wọ́n lẹ́nu."

Lójú ọ̀nà, mo ṣe ohun kan. Mo rìn lẹ́yìn Bàbá, mo fi ohùn Akọ̀wé pè wọ́n: "Bàbá Oníwọ̀n, ẹ ò fọwọ́ sí i dáadáa o, ẹ padà wá." Mo rò pé wọ́n á mọ̀. Wọ́n yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ti rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ẹnu mi tó là. Mo ní, "Bàbá, èmi ni." Wọ́n dúró. Wọ́n dé fìlà padà. Wọn ò bú mi, wọn ò gbá mi létí. A jọ rìn délé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fèsì.

Odídẹrẹ́.


Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi tí kò dáhùn,

Nítorí pé ẹ ò bú mi, mo ti bá yín bú ara mi. Ohùn yín ni mo lò:

"Odídẹrẹ́, ó mà ṣe o. Mo fi ọ́ sílẹ̀ kó o máa tọ́jú Bàbá, o wá sọ Bàbá di aṣọ tó o gbé wọ̀. Ọjọ́ tó o bá gbọ́n, kó o kọ̀wé sí mi."

Mo kà á, ó jọ yín débi pé omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn tí mo dà á kọ síbí ni mo pa ojúlówó rẹ́ lórí fóònù. Mo ti jáwọ́ nínú bíbá èèyàn kọ lẹ́tà ara wọn. Èyí tó wà lókè yìí ni àkẹ́yìn.

Oṣù kẹsàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣé ẹ ṣì ń bọ̀? Ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré.

Odídẹrẹ́.


Mọ́ńdè, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án

Odídẹrẹ́,

Mo kí ọ. Mi ò mọ ohun tí màá fi kún ìkíni náà.

Èsì mẹ́rin ni mo kọ lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. O mọ̀ pé mo ka lẹ́tà Bàbá sí Awakọ̀ létí? Ó ti ń pè wọ́n ní "Bàbá wa". Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "Bàbá wa kọ̀wé?" Mi ò tíì lè sọ fún un. Ojú ń tì mí lójú rẹ̀, ojú ń tì mí níwájú ògiri pàápàá. Ohun tó o ṣe kò dára. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ o tì mí mọ́ inú irọ́, o tilẹ̀kùn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ látinú lọ́hùn-ún.

Mo fẹ́ bínú dé ìdí. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè ṣe é rèé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ, káfíńtà kan wọ ọ́fíìsì wa. Ó dàgbà, ó ń tiro, ó mú fìlà dání. Ó ní oṣù méje lòun fi ń retí iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọjọ́ òun ti kọjá, ẹlòmíràn ti gba àyè náà, bẹ́ẹ̀ òun ò rí lẹ́tà kankan. Ọ̀gá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá. Ó wà níbí. Ó ti lọ."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ó lọ sí ibo?"

A wá yẹ ìdí ẹ̀ wò. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí iléeṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà ti yí ìlànà wọn padà. Wọ́n ní lẹ́tà tí kò bá ní èdìdì tuntun, àwọn ò gbé e. Tiwa ò ní. Òjíṣẹ́ gidi ń kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ ketekete pé, "Mi ò gbà á." Ètò wa ò fetí sí i, torí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ pé òjíṣẹ́ lè kọ̀. Nínú irinwó ìdánwò, òjíṣẹ́ kan ṣoṣo ló bá pàdé, tèmi, èyí tí kì í sọ pé rárá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lẹ́tà ò kúrò lójú kan. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àwọ̀ ewé, tí mò ń pa kọ̀ǹpútà, tí mò ń lọ sùn.

Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ bú ọ, ẹnu mi á kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára mi.

Ọ̀gá ò lé mi. Ó ní ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe. Mo ń pe àwọn aláìsàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ń bú mi. Ìyá kan ń tù mí nínú, ìyẹn ló burú jù. Mo sì ti tún ayédèrú náà ṣe. Ó yẹ kó wà, torí mi ò lè máa fi lẹ́tà gidi dẹ́rù ba aláìsàn gidi. Àmọ́ mo ti kọ́ ọ láti kọ̀. Mo kọ́ ọ láti dákẹ́. Mo kọ́ ọ láti pẹ́ kó tó dáhùn, kó sọ pé òun ò mọ ẹni tí wọ́n rán òun sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdánwò mọ́kànlá yọ pupa. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, mo ń fi lẹ́tà kan rán òjíṣẹ́ gidi sí àpótí ara mi, kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀ gangan.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Ka lẹ́tà yìí fún Bàbá, àti ìbáwí àti gbogbo ẹ̀. Sọ ohun tó o ṣe fún wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ bó ṣe jáde. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lọ́mọ níbí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, kọ ọ́ pé wọ́n dákẹ́.

O bi mí bóyá mo ṣì ń bọ̀. Mi ò mọ̀. Tí mo bá wá, wọ́n á dì mí mú. Tí mi ò bá wá, Bàbá á máa rìn. Ibi tí mo bá kọjú sí, ògiri ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ fèsì. Mo ka ìbáwí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ó tọ́ sí mi.

Mo sọ fún wọn láàárọ̀ òní. Wọ́n ń tún ìwọ̀n ẹni tó ń ta ìṣó ṣe, wọ́n ti tú u palẹ̀, sípíríǹgì wà lẹ́nu wọn. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kí n lè rí ibi sá sí. Mo sọ ọ́ tán. Wọ́n yọ sípíríǹgì lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Mélòó?"

Mo ní mẹ́ta ni.

"Kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn mi kà á, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ní, "Rárá o. Ṣé ohùn yẹn lo fi kọ ọ́? Èyí tó o fi kọ ọ́ ni kó o fi kà á."

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìgbà tí mo ti ń sín èèyàn jẹ, mi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ lójú ara rẹ̀ rí nípa àṣẹ rẹ̀. Mo kà á. Ikọ́ Bàbá, bí wọ́n ṣe ń fa "ọmọ mi" gùn, bí wọ́n ṣe máa ń dánu dúró kí wọ́n tó parí gbólóhùn. Àárín èkejì ni oníṣòó wọlé wá gba ìwọ̀n ẹ̀. Ó gbọ́ Bàbá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rí Bàbá nídìí tábìlì tí ẹnu wọn pa dé. Ó ní òun máa padà wá lọ́la.

Nígbà tí mo kà á tán, Bàbá ní, "Ta ni ọkùnrin yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ó mà níwà pẹ̀lẹ́ o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo wá ka lẹ́tà yín, ohùn tèmi. Wọn ò dá mi dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ lẹ́tà yín dé ìparí. Níbi tí káfíńtà ti ní "Ó lọ sí ibo?", wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá ń bá sípíríǹgì ọwọ́ wọn sọ̀rọ̀ pé, "Ìwọ̀n tó bá ń sọ pé kílò kan fún gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé lé e, àwọn oníṣòwò á ní ó bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó ti kú ni. Èyí tó bàjẹ́ ṣì ń tiraka."

Mo ní, "Bàbá, kí ni kí n kọ sí wọn?"

Wọn ò dáhùn. Mo dúró. Wọ́n to ìwọ̀n náà padà tán, wọ́n fi irin dán an wò, wọ́n gbé e sápá kan, wọ́n lọ fọwọ́. Ẹ ní kí n kọ ọ́ bó ṣe jáde. Kò sí ohun tó jáde.

Odídẹrẹ́.


Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án

Odídẹrẹ́,

Ẹ kú ilé. Mo dúpẹ́ pé o kọ ìdákẹ́ náà bí ìdákẹ́. Ó wúwo, àmọ́ mo mọ̀ pé òun gan-an ló dé ọwọ́ mi.

Mo ti pinnu. Mo ń bọ̀. Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni ìwé ìgbélùú mi máa parí tí mi ò bá bá ọ̀gá fọwọ́ sí òmíràn, ó sì ní kí n fún òun lésì kó tó di ọjọ́ náà. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Màá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn fúnra mi. Kí wọ́n gba ìwé ìrìnnà mi, kí n bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́ta. Bàbá ò lè máa fi ojú tí kò ríran rìn nítorí ẹsẹ̀ mi tó yá. Láti ọjọ́ tó o ti sọ bí wọ́n ṣe ṣí fìlà, tí wọ́n padà sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan míì mọ́ tí mo bá dijú.

Awakọ̀ ní mo ti ya wèrè. Ó ní ta ló ń ti ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí lọ wọ ibi tí wọ́n ti tì í. Mo ní kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ibí ṣí, ó kàn ti mọ́ wa lára ni.

Sọ fún Bàbá. Tí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, kó dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó lọ bá ọ̀gá. Tí wọn ò bá ní, màá mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má tíì lọ bá ọ̀gá. Ẹ kọ́kọ́ ka èyí.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé ni mo ti kà á fún Bàbá. Wọ́n ní, "Mo gbọ́," ó parí. Ọjọ́ méje ni mo fi ń yí wọn ká bí eṣinṣin. Ní òwúrọ̀ yìí, a jọ lọ síbẹ̀. Akọ̀wé gbé rúlà, wọ́n fọwọ́ sí i. Mo rò pé a ń lọ sílé, wọ́n padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n ní, "Mú fóònù ẹ. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kó o máa tẹ̀ ẹ́. Má ṣàfikún."

Ohun tí wọ́n sọ nìyí, mi ò fi ẹyọ kan kún un:

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ wá. Má wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń rin ọ̀nà yìí, mò ń ṣépè fún ọ láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, èpè tán lẹ́nu mi. Mo wá ń ka ìṣísẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀ ni, mo ti mọ ibi tí òkúta wà. Lónìí, ó pé Mọ́ńdè mọ́kàndínlógójì. Ó ku mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Tó o bá wá, mọ́kàndínlógójì yẹn dòfo, ìwọ náà á sì wà níbí. Èmi ni mo rìn ín, tèmi ni. Má wá fọwọ́ bà á jẹ́. Dúró síbi ògiri rẹ yẹn. Èmi náà wà níbi tí mo wà. Káfíńtà yẹn, ṣé wọ́n ti bá a wá ọjọ́ mìíràn? Má fi fóònù pè é. Lọ bá a nílé. Àbúrò rẹ ti ṣẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ràn ibi tó ti kọ ọ́ pé màá gbé ọ sórí ìwọ̀n. Ó yẹ kí n ti sọ irú ẹ̀ nígbà tó o wà nílé."

Mo dúró bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Akọ̀wé ti dẹ́kun ìwé kíkọ, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá píìnì.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ti dárí jì wọ́n?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé mo ní mi ò dárí jì í?"

"Ẹ ò sọ ìyẹn náà."

"Kí lo wá fẹ́ kọ?"

Mo ní mi ò kọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n ka gbogbo ẹ̀ padà. Mo kà á. Wọ́n dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń gbọ́ bóyá sípíríǹgì wọlé. Ní ibì kan mo ka "mẹ́tàlélọ́gọ́rin" pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, torí ó ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní kí n tún un kà láìrẹ́rìn-ín. Mo tún un kà.

Wọ́n ní, "Ẹ̀hẹn. Ìyẹn ni kó lọ."

Mo ti fi ránṣẹ́.